Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Mi Lọ Jẹ́rìí sí Tíì

Òórùn tíì náà ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ó ti korò nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ẹnu, bí ìgbà tí èèyàn bá se ewé gbígbẹ pọ̀ mọ́ èèpo igi tó ti pẹ́ nínú àpò. Ọyẹ́ ti mú Lọ́kọ́ja gan-an nígbà náà. Eruku bo òrùlé gbogbo Kabawa, àdúgbò wa, òkè tó wà lẹ́yìn ìlú kò sì hàn mọ́ àfi bí òjìji. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń gbọ́ bí Màmá mi ṣe ń da tíì láti inú ife kan sí ìkejì kó lè tutù, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ sọ níwájú èrò ni wọ́n ń kọ́ sórí. Wọ́n á sọ gbólóhùn kan, wọ́n á tún un sọ, wọ́n á dákẹ́.

"Sẹ̀lí, dìde wá mu ún. Mu ún tán o. Òní kọ́ lo máa dà á sílẹ̀."

Mo mu ún tán. Wọ́n wẹ̀ fún mi, wọ́n fi ìpara pa mí lára, wọ́n wọ̀ mí ní aṣọ funfun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán, wọ́n sì di ìbòrí funfun mọ́ mi lórí. Mo bi wọ́n bóyá ìsọmọlórúkọ la ń lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n tú ìbòrí náà, wọ́n tún un dì.

"Ibi tí a ń lọ," wọ́n ní, "wọ́n fẹ́ rí ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá."

Èmi ni ọmọ náà. Ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà, ti ń bá mi fínra láti ìgbà tí mo ti ń rákòrò. Tó bá ti gbé dé, àyà mi á máa súfèé bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kòtò ọ̀fun mi á sì máa jìn wọnú. Ìgbà tí Bàbá mi ti gbé mi sáàárín àwọn àti ọlọ́kadà, tí a sáré lọ sí ọsibítù, kò lóǹkà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún mi ní ìnhélà, ike kékeré aláwọ̀ búlúù tí mò ń fọ́n sẹ́nu. Bàbá mi so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì fi í kọ́ mi lọ́rùn bí kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọmọ iléèwé mi, Nupe, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti àwa Yorùbá, èdè wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n gbogbo wọn fẹnu kò lórí orúkọ kan fún mi: Fèrè.

Agbo ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ nígbà tí wọ́n ti Ìlọrin wá ṣòwò ni à ń gbé. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń dáná igi lẹ́yìn fèrèsé yàrá wa, èéfín rẹ̀ á sì máa wọlé bá wa. Bàbá mi ń ta ẹní, korobá àti abọ́ ike nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí gbàgede Paparanda. Màmá mi ń ránṣọ lọ́ọ̀dẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ dídùn wá bá Bàbá mi, ì báà ṣe alájọ ì báà ṣe olóṣèlú, wọ́n á jẹ́ kó sọ ọ́ tán, wọ́n á wá bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí la ń tà gan-an?" Ti Màmá mi ni, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò ná." Inú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo dàgbà sí, n kò sì rò ó rí pé wọ́n lè kọlu ara wọn.

Iṣẹ́ aṣọ ló gbé Àǹtí Dúpẹ́ wá sílé wa. Ọmọ Ìjùmú ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Felele, lójú ọ̀nà Àbújá. Wọ́n ga, wọ́n dúdú, wọ́n máa ń kí gbogbo èèyàn pẹ̀lú "Okun o" ti ilé wọn kí ẹsẹ̀ wọn tó wọ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá gba aṣọ ni ikọ́ gbé mi lójú wọn. Dípò kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ lé Màmá mi lórí bí àwọn oníbàárà mìíràn, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, wọ́n gbé ẹ̀yìn mi lé àyà wọn, wọ́n ń mí díẹ̀díẹ̀ kí èmi náà lè bá wọn mí, títí ìnhélà fi ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn wọn láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n tún padà wá, wọ́n gbé ọ̀rá kan dání. Tíì wà nínú rẹ̀, ọṣẹ ìfọyín wà níbẹ̀, ìpara orúnkún náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń rí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá wọlé sínú ẹgbẹ́ wọn nìkan ló ń rí i tà, ẹni tó bá sì mú ẹlòmíràn wọlé, ilé-iṣẹ́ á máa fún un ní tirẹ̀ lórí ohun tí onítọ̀hún bá tà. Nẹ́tíwọ́kì ni wọ́n pè é. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n bi ìbéèrè wọn. Àǹtí Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìlera ni, Bàbá Sẹ̀lí." Bàbá mi ní ìlera kì í wà nínú ọ̀rá. Màmá mi wojú mi, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò ná."

N kò ní parọ́ mọ́ òwò náà. Ìpara yẹn mú kí Ìyá Àgbà padà máa fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ kírun. Ọṣẹ ìfọyín náà dára, kò sí ẹni tó lò ó tí kò tún béèrè. Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tó ṣe fún Màmá mi. Obìnrin tí kì í lè wo ojú oníbàárà tó bá rẹ́ wọn jẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí Àǹtí Dúpẹ́ ti mú wọn lọ sí ìpàdé fúngbà díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ṣánṣán, wọ́n ń fi Haúsá àti Píjìn ṣàlàyé ọjà láàárín ọjà, wọ́n ń bọ àwọn ọkùnrin lọ́wọ́. Mo máa ń tẹ̀ lé wọn, inú mi á máa dùn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Bí a bá yọ sí ojúlé kan, ọmọ kékeré á jáde wá wí pé ìyá òun kò sí nílé, a ó sì máa gbọ́ ohùn ìyá náà láti inú yàrá. Ní ibi ìkómọ, àwọn obìnrin á sún àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀rẹ́ Màmá mi kan tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ sọ ọ́ sí wọn lójú pé, "Ìwọ ni mo fẹ́ kí, mi ò fẹ́ kí nẹ́tíwọ́kì." Màmá mi gbé e mì. Wọ́n ní wọ́n ti sọ fún àwọn ní ìpàdé pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, pé àwọn tí kò bá gbà á gbọ́ á máa jìnnà fúnra wọn.

Ní ìgbà òjò ọdún náà, ikọ́ mi rọlẹ̀. A kò lọ sí ọsibítù. Mo ń sáré kiri agbo ilé. Màmá mi sọ fún Àǹtí Dúpẹ́, Àǹtí Dúpẹ́ sọ fún àwọn tó wà lókè wọn, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí ọkùnrin kan ní Àbújá tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá Dáyámọ́ńdì nítorí ipò tó dé nínú nẹ́tíwọ́kì náà. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Lọ́kọ́ja, òun sì fẹ́ kí ọmọ náà wá dúró níwájú èrò. Ṣùgbọ́n ó ní bí ọmọ bá ṣì ń lo oògùn dókítà, kò tíì di ẹ̀rí. Àǹtí Dúpẹ́ ló gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Mo rí i pé kò rọrùn fún wọn láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá mi bọ́ okùn ìnhélà kúrò lọ́rùn mi.

Bàbá mi rí i kó tó pẹ́. Wọn kò pariwo, èyí gan-an ló sì bà mí lẹ́rù.

"Ìyá Sẹ̀lí, ìnhélà ọmọ yìí ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mi."

"Kí ló dé tí kò sí lọ́rùn rẹ̀?"

"Ara rẹ̀ ti yá, Bàbá Sẹ̀lí. Ẹ̀yin náà rí i. Láti ìgbà òjò, ẹ ò gbé e lọ sí ọsibítù."

"Láti ìgbà òjò náà ni Ìyá ti gbé ààrò wọn kúrò lẹ́yìn fèrèsé. Láti ìgbà òjò náà lọmọ ti ń fọ́n oògùn láràárọ̀ bí dókítà ṣe wí. Tíì rẹ náà sì wà níbẹ̀. Èwo ló ṣe é? Èmi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀."

Màmá mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọn kò bá ara wọn jẹun lọ́jọ́ náà, ilé wa sì gan bí okùn tí wọ́n fà jù. Nígbà tí Bàbá mi ń lọ ra ọjà ní Kánò, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò mí, wọ́n wo Màmá mi, wọ́n ní, "Mo fi ọmọ mi sọ́wọ́ rẹ o." Wọn kò tíì dé nígbà tí ọjọ́ ìpàdé náà pé.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé wa lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé ní Felele. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àbújá ń da eruku lé wa lórí, eruku pupa tó dà pọ̀ mọ́ ti ọyẹ́. Kí a tó dé ibẹ̀ rárá, mo mọ̀ ọ́n lára pé ikọ́ náà ń bọ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kí nǹkan máa rìn mí lọ́fun, lẹ́yìn náà àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í fún.

"Màmá, àyà mi."

Wọ́n fi ọwọ́ kàn án. "Ẹ̀rù ni," wọ́n ní. "Bó o bá rí èrò tán, á lọ."

Gbọ̀ngàn náà kún dẹ́nu. Orin ń dún, àwọn èèyàn ń jó láàárín àga, ọ̀dọ́bìnrin kan sì ń rìn káàkiri, ó ń fọ́n lọ́fíńdà tuntun tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ máa tà. Ó fọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ọ̀fun mi tì. Mo di aṣọ Màmá mi mú, ṣùgbọ́n iwájú ni ojú wọn wà, níbi tí Àǹtí Dúpẹ́ ti ń fi ọwọ́ pè wá wá sí àga iwájú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí. Bàbá olùkọ́ àgbà kan tí wọn kò san owó ìfẹ̀yìntì fún sọ pé ọṣẹ ìfọyín ni àwọn ń tà jẹun. N kò rò pé irọ́ ni wọ́n pa, nítorí mo mọ̀ wọ́n, iwájú ilé wọn ni mò ń gbà lọ síléèwé. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kan bọ́ síta, ó ní jẹjẹrẹ òun ti lọ, àwọn èèyàn sì pariwo débi pé òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Mo wò ó, ó rù gan-an, ó di tábìlì mú kó tó lè sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Dáyámọ́ńdì fi ohùn dídùn ní, "Ọmọ kan wà níbí tí kò lè mí tẹ́lẹ̀."

Màmá mi fà mí lọ́wọ́, a gun pèpéle. Iná mọ́lẹ̀ sí wa lójú. Wọ́n gba máìkì, ohùn wọn jáde ketekete, ó lẹ́wà. Wọ́n sọ ìgbà tí àyà mi ń súfèé, wọ́n sọ ti ọlọ́kadà, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe máa ń fi etí sí imú mi tí mo bá ń sùn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àwọn obìnrin tó wà níwájú ń nu ojú. Ọ̀kan nínú wọn, Ẹ̀bìrà, gbé ọmọ tirẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára mi.

Mo ń gbìyànjú láti mí. Èémí ń wọlé, kò fẹ́ jáde. Omi ti ń bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sí ohùn.

Ọ̀gá Dáyámọ́ńdì rí omi ojú náà. "Ẹ wò ó!" ló kígbe. "Na joy dey make am cry!"

Gbọ̀ngàn náà bú sí àtẹ́wọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run ní oríṣiríṣi èdè, orin sì tún gbà á. Láàárín ariwo náà, Màmá mi ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ: "Láti ìgbà tó ti ń mu tíì yìí, kò fọwọ́ kan..."

Wọ́n wolẹ̀, ojú wọn sì bọ́ sí kòtò ọ̀fun mi.

Wọn kò parí gbólóhùn náà. Máìkì bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó ké ní etí gbogbo èèyàn. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí pèpéle, wọ́n ti ọwọ́ bọ àyà bùbá wọn, wọ́n sì fa ìnhélà náà yọ pẹ̀lú okùn rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ara wọn. Wọ́n fi sí mi lẹ́nu. "Fà á. Fà á sí i. Mo wà níbí."

Àtẹ́wọ́ náà kò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kú díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí àwọn èèyàn ṣe ń rí ohun tó wà lọ́wọ́ Màmá mi. Ọ̀gá Dáyámọ́ńdì ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ kí ìyá wa sinmi díẹ̀," ló wí, ó sì ṣẹ́jú sí àwọn tó ń mójú tó orin.

Ṣùgbọ́n Màmá mi ti tún mú máìkì nílẹ̀.

"Ìnhélà dókítà nìyí," wọ́n ní. "Ọmọ mi ò fi í sílẹ̀ rí. Èmi ni mo gbé e pamọ́ kí n lè wá dúró síbí. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju oògùn wọn..."

Wọ́n pa máìkì náà. Ẹnu wọn ṣì ń lọ, a kò gbọ́ wọn mọ́. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Obìnrin Ẹ̀bìrà yẹn ti dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́yà, ó ń wá ọ̀nà jáde.

Mo rò pé Àǹtí Dúpẹ́ á bínú. Ojú wọn ti yí padà, ó dà bí eérú. Wọ́n gun pèpéle, wọ́n gbà mí lọ́wọ́ Màmá mi, wọ́n gbé mi la àárín èrò kọjá lọ sínú ọkọ̀ wọn, Màmá mi sì tẹ̀ lé wa. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń wakọ̀, ìkejì wà lórí fèrè ọkọ̀. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ títí a fi dé ọsibítù.

Wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bò mí nímú. Nọ́ọ̀sì bá Màmá mi wí gidi, ó ní ìdí wo ni wọ́n fi bọ́ ọ kúrò lọ́rùn ọmọ. Màmá mi tẹ́rí ba, wọn kò wá àwáwí kankan. Nígbà tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú, mo rí Àǹtí Dúpẹ́ tí wọ́n sún mọ́ nọ́ọ̀sì náà, wọ́n sì fi ohùn kékeré bi í pé, "Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó bá ti fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà díẹ̀, tó ń mu tíì dípò rẹ̀, ṣé ewu wà níbẹ̀?"

"Ta ni?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ìyá mi. Wọ́n wà nílé, ní Ìyàmọyè."

Nọ́ọ̀sì náà wò wọ́n. Kò tíì dáhùn tí Àǹtí Dúpẹ́ fi bú sẹ́kún. Wọ́n gba tíì náà gbọ́ ní tòótọ́ ni o. Ìyá tó bí wọn gan-an ni wọ́n ń fún mu. Wọ́n di ọwọ́ Màmá mi mú, wọ́n ní, "Ìyá Sẹ̀lí, má bínú," wọ́n sì jáde lọ. Ojú ọ̀nà Ìyàmọyè ni wọ́n gbà lọ tààrà, aṣọ ìpàdé náà ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n bá ìyá wọn láàyè, wọ́n sì mú kí ìyá náà padà máa lo oògùn.

Àwọn aládùúgbò ti ròyìn fún Bàbá mi kí wọ́n tó sọ ẹrù Kánò kalẹ̀. Mo sá sẹ́yìn Ìyá Àgbà. Bàbá mi jókòó, wọ́n ní kí Màmá mi sọ ọ́ fúnra wọn, Màmá mi sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti pa máìkì.

"O ti sọ fún wọn pé ara ọmọ ti yá," Bàbá mi ní. "Kí ló wá mú ọ gbé ìnhélà sínú aṣọ lọ síbẹ̀?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù yẹn ló yọ ọmọ mi."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ wẹ̀. Wọn kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ láéláé.

Òkìkí ọjọ́ náà lẹ̀ mọ́ Màmá mi lára fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní ojú méjì. Àwọn tí Màmá mi mú wọlé sọ pé wọ́n ba òwò àwọn jẹ́, àwọn kan kò kí wọn mọ́ títí di òní. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti ń fi ọmọ ránṣẹ́ pé àwọn kò sí nílé, ló padà ń wá béèrè ọṣẹ ìfọyín. Màmá mi ń tà á fún wọn pẹ̀lú ìpara orúnkún, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí èèyàn á gbé mì, wọ́n kọ̀ ọ́. "Èyí tí à ń fi fọ eyín ni mò ń tà," wọ́n á ní. "Tí kò bá fọ̀ ọ́, ẹ̀yin náà á rí i nínú dígí." Àǹtí Dúpẹ́ fi nẹ́tíwọ́kì sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ wọn pẹ̀lú Màmá mi kò bà jẹ́.

Felele ni èmi náà ń gbé báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Orí fóònù ni òwò náà ti ń bá wa lónìí. Ẹni tí a jọ kàwé tí kò kí wa láti ọjọ́ yìí á déédéé kọ̀wé pé òun ní àǹfààní kan fún wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ń tà á, ìpara awọ tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ dára, mo sì ń rà á síbẹ̀. Nígbà tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wọn, mo ní rárá, mo ní mo lè sọ ti awọ tèmi fún ẹni tó bá bi mí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ kò dùn.

Mo ti dàgbà ju bí Màmá mi ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ, mo sì ti bí ọmọ tí àyà tirẹ̀ náà ń súfèé. Ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé lórí pèpéle yẹn, bí èémí ṣe ń tán nínú mi, ẹ̀rù kò bà mí tó bó ṣe yẹ kó bà mí. Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ di aṣọ mi mú tó ń wá èémí, tó gbójú sókè wò mí pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, tí èmi kò sì mọ ohun tí mò ń ṣe, ni mo tó mọ̀ pé Màmá mi kò mọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà.